Ilé Tí Kì Í Dáni Lóhùn

Tìtorí ìyá mi ni ọkọ mi ṣe bá oòrùn ìlú Bìní wọ̀jà. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà rò pé orí ọkùnrin náà dàrú. Orí rẹ̀ pé. Olùkọ́ físíìsì ni, ó sì fẹ́ràn ìyá ìyàwó rẹ̀ dé góńgó. Ibi tí nǹkan méjèèjì yìí bá ti pàdé nínú èèyàn kan, ẹ má bá a jiyàn.

Nígbà yẹn, tí ọdún 2000 ti ń kan ilẹ̀kùn, ilé rẹ́ǹtì la wà ní Uwasota, àdúgbò kan ní Bìní: yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Páànù ilé náà ti dípẹtà, sílíìnì abẹ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé a máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ aláǹgbá tó bá ń sáré lókè. Tó bá ti di ọ̀sán, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti inú òrùlé, á bá wa jókòó, á bá wa jẹun, kò sì ní í lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iná mànàmáná tí ì bá bá wa lé e jáde, àbẹ̀wò ló máa ń ṣe sọ́dọ̀ wa. Fáànù wa ti di ohun ọ̀ṣọ́.

Inú ilé yìí ni ìyá mi ti wá bá wa gbé nígbà àkọ́kọ́. Bàbá mi ti kú, òun nìkan ló ṣẹ́ kù sínú ilé wa l'Ọ́wọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a fínra. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà l'Ékòó, ẹnu ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù, mo sì ní kó máa bọ̀. Ó dé. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Orí sìmẹ́ńtì ló ń sùn lọ́sàn-án, ìró nìkan ló ń ró mọ́ àyà, tówẹ̀lì tútù wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń dín dòdò. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń rí lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyí." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó di Ọ̀wọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ló ṣubú ní balùwẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò kan tó já wọlé, òun ló gbé e. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ìyá mi ti ń jókòó, ó ti ń mu ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni tó ti Ọ̀wọ̀ bọ̀ bá yọjú sí mi ní báńkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àyà mi á já. Ohun tí mò ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìyá mi wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n tó wá pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n wá wo òkú rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní òun máa kọ́ ilé tí Màmá kò ní í làágùn nínú rẹ̀, iná wà o, iná kò sí o. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń búra.

Ilẹ̀ wà nílẹ̀, lẹ́yìn Uwasota níbẹ̀, tí a ti rà tipẹ́ tí koríko sì ti gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kàwé lókè òkun ti yá a ní ìwé kan lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé tí kì í jẹ iná. Bí ọkọ mi ṣe di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òrùlé nídìí oúnjẹ nìyẹn. Ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ti kọ ìwé náà. Ọkọ mi ní kò ṣe nǹkan kan, pé ooru ni ooru ń jẹ́, ì báà máa wọlé, ì báà máa jáde. Mo ní àwọn àgbà sọ pé bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ó ní òwe kì í ṣe físíìsì.

Orí òrùlé ni ìjà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kápẹ́ńtà wa jẹ́ ọmọ Bìní, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, tó sì tún máa ń rẹ́rìn-ín tó bá sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Oga, make we use red. Everybody for GRA dey use red. E go fine well well."

Ọkọ mi ní, "Red dey drink sun."

Kápẹ́ńtà rò pé àwàdà ni. Ọkọ mi tẹ́ páànù mẹ́ta sórí yanrìn nínú oòrùn ọ̀sán: ti àtijọ́ tó ti dípẹtà, pupa tí kápẹ́ńtà ń polówó, àti alumíníọ́mù tí wọn ò kùn ní ohunkóhun. Ó fi wọ́n síbẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì ní kí kápẹ́ńtà máa fọwọ́ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ọkùnrin náà fọwọ́ lé ti àkọ́kọ́, ó ní, "E hot." Ó fọwọ́ lé pupa, ó fò sókè, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu. "Oga, you wan kill me?" Kò débi ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní òun ti gbà, òun ò tún ní í dárúkọ pupa mọ́.

Bí a ṣe kan alumíníọ́mù aláìláwọ̀ nìyẹn. Tí oòrùn bá ràn sí i, ẹ ò ní lè fi ojú wò ó. Àwọn ará ìjọ wa tó wá wo ilé ń fi ojú àánú wò mí, wọ́n rò pé agbára wa ni kò ká ọ̀dà. Ọkọ mi tún ní kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kó lè máa ṣíji bo ògiri. Ilé náà wá dà bí ẹni tó dé akẹtẹ̀ tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ.

Ó ku ohun tí wọ́n máa tẹ́ sórí sílíìnì, tí kò ní í jẹ́ kí ooru tó bá jàjà wọ inú òrùlé rí ọ̀nà bọ́ lé wa lórí. Èyí tí ìwé òyìnbó dárúkọ kò sí ní gbogbo ọjà Bìní. Ọkọ mi kọ́kọ́ ronú kan ìyẹ̀fun pákó, torí sọ́míìlì kún ìlú, wọ́n sì ń bẹ èèyàn kó wá bá wọn kó o dànù. Kápẹ́ńtà ní, "Oga, termite go come greet you with him whole family." Ni wọ́n bá fi ìyẹn sílẹ̀. Ọkọ mi wá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga ní Sapele Road, ó ń kó àjákù fóòmù wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé e dé. À ń já a wẹ́wẹ́, à ń dì í sínú ọ̀rá, à ń kó o jọ sí pálọ̀ títí àwa fúnra wa ò fi ríbi jókòó mọ́. Fóòmù wọ inú ọbẹ̀, ó wọ inú Bíbélì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ní báńkì tọ́ka sí irun mi, ó béèrè bóyá inú tìmùtìmù ni mo ti ń sùn. Mo ní rárá, sà, orí sílíìnì ni a fẹ́ kó o sí. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Lọ́jọ́ tí kápẹ́ńtà ń tẹ́ àwọn ọ̀rá fóòmù náà, ó yọ orí láti òkè, ó ní, "Oga, na house we dey build so, abi na cooler?" Àwọn lébìrà kú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àdúgbò, kò sì padà wálé mọ́. Kò sí ọlọ́kadà tí ẹ máa sọ "Cooler House" fún tí kò ní í gbé yín dé ẹnu géètì wa.

Tí a bá pe ti òrùlé àti fóòmù ní ìfẹ́, ti fèrèsé ti di ẹ̀sìn. Gbogbo ayé ló ń lo lúfà nígbà yẹn, àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tó máa ń tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ọkọ mi ní ìkankan kò ní í wọ ilé òun. Ó ní, "Lúfà kì í tì. Ó kàn ń díbọ́n ni." Fèrèsé gíláàsì ńlá tí wọ́n ń fà lọ fà bọ̀ ló rà, rọ́bà yí i ká, gíláàsì rẹ̀ sì dúdú kirikiri torí oòrùn. Ó fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ gbogbo ilẹ̀kùn. Ó fi pọ́tì dí gbogbo ibi tí sílíìnì ti pàdé ògiri. Nígbà tó parí, ó tan àbẹ́là, ó ń rìn káàkiri inú ilé òfìfo náà nírọ̀lẹ́, ó ń gbé iná náà sún mọ́ etí fèrèsé àti ìdí ilẹ̀kùn. Tí iná bá ti mì, ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé, á sì kúnlẹ̀ dí i. Àwọn tó ń kọjá rí iná tó ń rìn nínú ilé, wọ́n rí ọkùnrin tó ń kúnlẹ̀ tó ń dìde. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ wa ti gbọ́ pé a ti wà ní ìjọ mìíràn, èyí tí wọ́n ti ń fi àbẹ́là gbàdúrà. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tí wàhálà kan bá wà nílé, kí n má bò ó mọ́ra.

A kó wọlé, òfin dé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ṣí gbogbo fèrèsé kí atẹ́gùn tútù lè wọlé. Bí oòrùn bá ti fọwọ́ kan ògiri báyìí, a ó ti gbogbo rẹ̀ pa, ó di ìrọ̀lẹ́. Ata díndín di èèwọ̀ lọ́sàn-án. Mo rú òfin yẹn lọ́jọ́ kan, torí mi ò mọ irú ọkọ tó máa kọ́ mi ní ìgbà tí mo máa din ata nínú kíṣìnnì mi. Èéfín ata náà kò rọ́nà lọ, ó bá wa gbé. Ọkọ mi jókòó sí pálọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń wúkọ́, ó sì ń sọ fún mi láàárín ikọ́ kan sí èkejì pé ẹ̀rí nìyí pé ilé náà dí dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, torí Ọlọ́run: ilé náà tutù. Nígbà tí ọ̀dà ojú títì ń yọ́ lábẹ́ mọ́tò, inú pálọ̀ wa dà bí abẹ́ igi ìrókò. Àlejò tó bá wọlé á dúró gbagidi, á mí kanlẹ̀, á béèrè ibi tí a gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí. Ọkọ mi á na ìka sókè sí sílíìnì, bí ẹni tó ń fi ọ̀run hàn wọ́n.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ́nà wọlé. Ní Sátidé kan, ìyá kan nínú ìjọ wa, ẹni ńlá láàárín àwọn obìnrin wa, wá kí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe àgò, ó pe àgò títí. Èmi wà nínú ilé, mo na ẹsẹ̀ sórí àga, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀ kí i, ó gba orí mi wo ẹlòmíràn. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Mo rí mọ́tò yín. Mo rí bàtà yín. Ohun tí ẹ̀ ń jẹ lọ́wọ́ tí ẹ ò fẹ́ kí n bá yín dá sí, Ọlọ́run á jẹ́ kó dà." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ọkọ mi ní nǹkan kékeré nìyẹn, ó lọ ra bẹ́ẹ̀lì oníná. Bẹ́ẹ̀lì náà ń dún nígbàkigbà tí iná bá wà, èyí ni pé kì í dún.

Àárín ẹ̀ẹ̀rùn la lọ mú ìyá mi wá. Ó wọ pálọ̀, ó dúró, ó fọwọ́ kan ògiri, ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. Ó ní, "Ṣé oòrùn ò mọ̀ pé ẹ ti kó wá síbí ni?" Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì. Ìyá mi wúre fún un títí tó fi kan àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo lọ din ata lálẹ́ ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe sọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin wa, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi dáni lóhùn, wá bá mi ní kíṣìnnì, ó ní, "Mummy, Grandma dey talk to window o."

Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ. Mo yọjú. Ìyá mi jókòó sórí àga, ó kọjú sí gíláàsì dúdú tó wà lápá ìta. Kò sí ẹlòmíràn nínú pálọ̀. Ó mi orí, ó ní, "Oo! Ẹ káàárọ̀ o! A dúpẹ́ o!" Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o! Ẹ ó bá wọn nílé o!" Ó tẹjú mọ́ gíláàsì, lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀: "Mo ní, ẹ kú ìrìn o!"

Mo fa ọkọ mi wọ kíṣìnnì, mo ní kó wá wò ó. Ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú ọpọlọ nígbà mìíràn, ká lọ rí dókítà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Mo ti já fóòmù títí èékánná mi fi kán torí kí n lè ní ìyá nílé. Ìgbà tó wá dé tán, ṣé báyìí ló máa ṣe lọ mọ́ mi lójú?

Kò tán síbẹ̀. Ìyá mi kò tún fẹ́ sùn lọ́sàn-án mọ́. Bó bá rí ẹni tó ń kọjá, á dìde, á sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn wa sì nìyẹn, rọ́bà ìdí rẹ̀ kì í fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ó dìgbà tí ẹ bá fi gbogbo ara fà á. Kó tó ṣí i, ẹni náà á ti kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó sáré tẹ̀ lé obìnrin kan dé ìdajì àdúgbò, ó ń pariwo pé, "Ẹ má bínú sí mi, mi ò gbọ́ ni!" Obìnrin náà, ọmọ Bìní tó ń bá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeré lọ jẹ́jẹ́, yí padà, ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Mama, wetin I do?" Ìyá mi kò gbọ́ Pidgin. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kejì ìyẹn ni mo jí tí mo bá a ní pálọ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ká bá òun wá mọ́tò Ọ̀wọ̀.

Ọkọ mi tún dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ṣé ooru ni? Ibo ló gbà wọlé? Ẹ fi hàn mí, màá dí i nísinsìnyí."

"Ọkọ mi, dìde nílẹ̀. Kò sí ooru. Ilé rẹ tutù, Ọlọ́run á tu ìwọ náà lára. Ṣùgbọ́n ó ti sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ sí yín, Màmá?"

"Ta ló máa sọ ọ́ tí mo máa gbọ́?" Ó nawọ́ sí gíláàsì. "Látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, kò sẹ́ni tó kí mi rí tí mi ò dá lóhùn. Mò ń rí àwọn èèyàn wọ̀nyí. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń wo apá ibí, ẹnu wọn ń mì. Mi ò mọ ẹni tó ń kí mi, mi ò mọ ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ni mo bá ní kí n kúkú máa dá gbogbo wọn lóhùn."

Ara mi kọ́kọ́ balẹ̀. Orí ìyá mi pé. Ìwà ọmọlúàbí ló ń bá gíláàsì jà.

Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ti rí ojútùú. Ó ní, "Àṣé ìyẹn ni! Màmá, gíláàsì yẹn dúdú ni. Ẹni tó wà níta ò lè rí yín rárá. Kò sì lè gbọ́ yín. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí yín."

Ìyá mi wò ó tàánútàánú. "Wọn ò rí mi. Wọn ò gbọ́ mi. Èmi náà ò gbọ́ wọn. Ó sì tutù. Ọkọ mi, ibo ni wọ́n máa ń tẹ́ èèyàn sí tó rí bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wa la mọ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ rẹ̀.

Inú bí mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú ló tètè ń yá mi lára. Mo ní, "Tí ẹ bá padà sí Ọ̀wọ̀ tí ẹ tún ṣubú ńkọ́? Ta ló máa gbé yín?"

Ó ní, "Ìgbà tí mo ṣubú, báwo lo ṣe rò pé wọ́n ṣe mọ̀? Obìnrin aládùúgbò mi tó gbé mi yẹn ń lọ sọ́jà, ó kí mi láti ìta. Mi ò dáhùn. Ó tún kí mi, mi ò dáhùn. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé èmi kọ́ ni wọ́n máa kí tí mi ò ní í dáhùn, ló bá já wọlé. Tí mo bá ṣubú síbí, wọ́n á kí mi, mi ò ní í dáhùn, wọ́n á ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé yẹn nìyẹn."

Mo rántí ìyá ìjọ wa tó pe àgò títí lẹ́nu ọ̀nà yẹn nígbà tí mo na ẹsẹ̀ sórí àga. Mo kọjú sí ọkọ mi, mo ní, "Dádì, ẹ yọ fèrèsé yàrá Màmá."

Ó ní, "Tí mo bá yọ ọ̀kan, kí ni àǹfààní àwọn tó kù? Ooru á wọlé, gbogbo iṣẹ́ yẹn á..."

"Ta la kọ́ ilé náà fún?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, físíìsì kò ní ohun kan láti sọ. Ó jáde, ó rìn yí ilé rẹ̀ ká, ó ń fọwọ́ kan ògiri bí ẹni tó ń dágbére fún un. Ìgbà tó wọlé padà, ó bẹ ìyá mi pé kó fún òun di Sátidé.

Kápẹ́ńtà dé ní Sátidé, ó ti ń rẹ́rìn-ín láti géètì. Yàrá tó kọjú sí ojú pópó ni yàrá ìyá mi. Wọ́n yọ gíláàsì dúdú, wọ́n fi lúfà rọ́pò rẹ̀, lúfà gbàgẹ̀rẹ̀ tó ga dé ibi tí ẹni tó jókòó ti lè rí ojú èèyàn. Kápẹ́ńtà ṣí i, ó pa á dé, ó ní, "Oga, so after everything, we don bore hole for cooler." Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kan rọ́bà mìíràn mọ́ ilẹ̀kùn yàrá náà láti inú, kí ooru tó bá wọ ọ̀dọ̀ Màmá má baà bá a kọjá sí ìyókù ilé. Mo jẹ́ kó ṣe ìyẹn. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan dí.

Ooru wọ yàrá náà lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó ti ń dúró níta látọjọ́ yìí. Ìyá mi gbé àga sídìí lúfà, ó mú abẹ̀bẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọjá jẹ́ obìnrin tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí. Ìyá mi kò dúró kí ẹni náà kí òun, òun ló kọ́kọ́ ké pè é: "Ẹ kú ìrìn o!" Obìnrin náà wo lúfà, ó rí ojú àgbà, ó ní, "Mama, koyo!" Ìyá mi yíjú sí mi, ó bi mí kí nìyẹn. Mo ní bí àwọn ará ibí ṣe máa ń kíni ni. Ó tún yíjú padà. "Koyo o! Koyo, ọmọ mi!"

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gba iwájú ilé wa kọjá tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọléèwé ń kí i ní òyìnbó, ó ń fi Yorùbá súre fún wọn. Ọlọ́kadà ń fọn fèrè ọ̀kadà rẹ̀ fún un, ó ń dá fèrè náà lóhùn. Ó ń làágùn gan-an. Nínú ilé tó tutù jù ní gbogbo àgbègbè wa, ẹni tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ nìkan ló ń làágùn. Ọkọ mi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, á máa wo òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, á mi orí, á lọ. Èmi ṣì ń wo báàgì ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo òwúrọ̀, bóyá ó tún ti dì í. Mi ò jẹ́ bi í léèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbọ́ pé ọkọ mi ń lọ sí apá Ọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ilé ìwé. Ó ní tó bá ráyè, kó bá òun gbé àpótí òun bọ̀, èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọkọ mi ní kò burú, Màmá, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Kò mọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà tó ń lọ kí ọmọ, báàgì ló ń gbé lọ. Àpótí kì í kúrò nílé. Inú àpótí ni aṣọ wà, lábẹ́ gbogbo aṣọ yòókù, pẹ̀lú káńfọ̀, aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn pé òun ni kí wọ́n fi sin òun. Ibi tí obìnrin bá gbé àpótí rẹ̀ lọ, ó ti parí ìrìn rẹ̀ nìyẹn. Mo sáré wọ kíṣìnnì, mo ti rọ́bà ìdí ilẹ̀kùn mọ́ ilẹ̀ dáadáa, mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ilé náà dí tó bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi.

Ọkọ mi gbé àpótí náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó wúwo, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó gbé e kọjá ní pálọ̀ tútù, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn yàrá Màmá, ó bọ́ sínú ooru. Mo tẹ̀ lé e. Mo ti tò ó sínú bí màá ṣe kúnlẹ̀, ohun tí màá sọ, bí màá ṣe dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, mo ní, "Màmá..."

Ìyá mi na abẹ̀bẹ̀ sí mi kí n dákẹ́. Ó ti kọjú sí lúfà.

"Ọkọ mi, má dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan ń kí mi níta."